Ẹni Tó Dáhùn Ti Gbà

Lámídì ṣúmékà ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ fún Dúródọlá pé Alábàárò ti kọ́ ohùn òkú.

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ dẹ́rù ba ènìyàn. Bàtà ọmọ ilé-ìwé kan wà lórí itan rẹ̀, ìṣó mẹ́ta wà láàrin ètè rẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ gba àárín ìṣó náà jáde bó ti ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Dúródọlá jókòó sórí àpótí oníbàárà, ó gbé omi tó fi dí ẹnu mì, ó mí kanlẹ̀. Nínú gbogbo òpópónà Òkè-Ìsápá, ìsọ̀ yìí nìkan ló ti lè fọhùn. Òòlù Lámídì kì í sinmi, ariwo rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí òpó ìkíni tó wà lójú títì gbọ́ ohun tí ẹnu ń sọ.

"Ohùn òkú bíi ti báwo?" ló béèrè.

"Ohùn òkú bí òkú ṣe ń fọhùn nígbà tó wà láàyè. Ohùn Bàbá mi, Ìyá Morónfólú!" Ó yọ ìṣó kan lẹ́nu, ó gbá a wọ inú bàtà. "Láàárọ̀ àná ni. Mo jókòó jẹ́ẹ́ síbí. Fóònù mi dún. Mo gbọ́: 'Lámídì! Lámídì ọmọ Bákàrè! Ṣé o ti kírun?' Mo dọ̀bálẹ̀ ni o. Orí ìṣó ni mo dọ̀bálẹ̀ sí. Mo ní, 'Bàbá, mo ti kírun.' Ọdún kọkànlélógún rèé tí a ti sin bàbá náà! Kí n tó gbọn ìṣó kúrò láyà, Alábàárò ti wọlé, ó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gba òun tọwọ́tẹsẹ̀."

"Ẹ wá dáhùn, Bàbá Sàmíátù? Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ọdún méjì gbáko ṣe adití?"

"Bàbá ẹni pe ni, kí ènìyàn máa wò bí ewúrẹ́?"

Dúródọlá wo òpó tó wà lójú títì. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sára gbogbo òpó ìlú, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé lè kà á: ẸNI TÓ DÁHÙN TI GBÀ. Nígbà tí Ọ́fíìsì Ìrántí kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí gbogbo kọ̀ǹpútà àti fóònù bọ́ ẹ̀mí àtijọ́ tó ń darí wọn sílẹ̀, kí wọ́n gba Alábàárò sínú, ìwé ni wọ́n ní kí àwọn ènìyàn tọwọ́ bọ̀. Àwọn ènìyàn kọ̀, wọn kò tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹnìkan ní Ọ́fíìsì ló wá ronú pé Yorùbá lè wo ìwé kó wo ibòmíràn, ṣùgbọ́n kò lè gbọ́ ìkíni kó má dáhùn. Bí wọ́n ṣe sọ ìkíni di ìwé nìyẹn. Láti ìgbà náà ni àwọn tó kọ̀ ti ń rìn kiri pẹ̀lú omi lẹ́nu, tí àwọn aráyé sì ń pè wọ́n ní adití.

"Níbo ló wà báyìí?" Dúródọlá wò yíká.

Lámídì na òòlù sí igun ìsọ̀. Bàtà òjò kan wà níbẹ̀, àkísà kún ẹnu rẹ̀ fọ́fọ́. "Inú ibẹ̀ ni mo sin fóònù náà sí. Ṣùgbọ́n kí ló kù tí kò tíì mọ̀? Gbogbo ohun tí mo tẹ̀ sínú rẹ̀ láti ọdún méje, ó ti kà á tán. Láti àná, kò sí òpó tó rí mi tí kì í kí mi kú jẹ̀díjẹ̀dí. Lójú ọ̀nà mọ́ṣáláṣí! Láàrin àwọn ẹgbẹ́ mi! 'Alhaji Lámídì, ẹ kú ìnira, ṣé ìdí yín ti sàn?' Àwọn ọmọdé ti fi ń kọrin."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Dúródọlá kó tó lè dá a dúró.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ń rántí fún mi ni, kí n má baà gbàgbé. Ta ló ń gbàgbé ìdí ara rẹ̀?"

Ẹ̀rín náà korò kó tó parí. Dúródọlá wo ọkùnrin arúgbó náà, tó jókòó sí gbangba ìta bẹ́ẹ̀, tí gbogbo ìlú ti mọ ohun tó ń ṣe é lábẹ́ ṣòkòtò, ìríra sì mú un bí ẹni tó tẹ ohun rírọ̀ mọ́lẹ̀ nínú òkùnkùn.

"Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ mọ́ ọn," Lámídì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ sì rọ̀. "Ó ṣe ohun kan fún mi láàárọ̀ yìí, kí n tó sin ín. Ó bá mi wá àwòrán Sàmíátù jáde, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, tó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú bàtà mi kan ṣoṣo. Ẹ mọ imú ọmọ yẹn. Ẹ wo tèmi. Ó jọ mí bí ìmumu!"

Dúródọlá tẹ orí ba, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ọlọ́run á dá a sí fún yín."

"Àmín o. Alábàárò ní bí gbogbo ilé bá ti dáhùn tán, òun á to ìran kọ̀ọ̀kan jọ, òun á fi ẹni tó bí ẹni hàn wá dé ìran keje. Mo ti ń retí tèmi. Ilé kan ṣoṣo ló ní ó kù ní òpópónà wa." Ó rẹ́rìn-ín. "Ilé alárinà! Ẹ̀yin tí ẹ ti wádìí ilé gbogbo wò kí ọmọ wọn tó gbéyàwó. Ẹ dáhùn jàre. Àbí ẹ fẹ́ lọ bá àwọn adití yòókù ní Abà Ìdákẹ́ lẹ́yìn odò, níbi tí kò sí òpó, tí kò sí iná, tó jẹ́ ẹ̀fọn nìkan ló ń kí ènìyàn?"

Ó na bàtà Dúródọlá sí i, èyí tó ti bá a rọ àtẹ́lẹsẹ̀ tuntun sí. "Ẹ wọ̀ ọ́ wò. Ìyẹn á gbé yín dé Mẹ́kà."

Dúródọlá wọ̀ ọ́. Ó le dáadáa. Ó ṣí ike kékeré tó so mọ́ ọrùn, ó fi omi kún ẹnu, ó mi orí sí Lámídì, ó sì jáde.

Òpó àkọ́kọ́ kí i kó tó rìn ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ kú ìrìn o. Ṣé ara yín le?"

Ohùn Morónfólú ni, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ọdún kẹta rèé tí Ọ́fíìsì ti ra ohùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì fi í sẹ́nu gbogbo òpó, nítorí àwọn ènìyàn ní tí ọmọ náà bá kí ènìyàn, àní bí o kò bá rí i, wàá mọ̀ pé ó kúnlẹ̀. Dúródọlá ló kọ́ ọ. Òun ló máa ń gbá a létí nígbà tó wà ní kékeré tó bá kọjá lára àgbà láìkí wọn. Òun náà ló wá ń kọjá lára ìkíni ọmọ rẹ̀ báyìí lójoojúmọ́, bí ẹni ń kọjá lára ààtàn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú, imú nìkan ló fi ń mí. Nígbà mìíràn a máa ṣe é bíi pé ó rí ẹran ara ọmọ rẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ sí ìsọ̀ alápatà.

"Adití ń lọ o!" oníbúrẹ́dì kan kígbe lórí àga rẹ̀. "Ẹ bá mi bi í bóyá ẹja ti ń dàgbà nínú omi ẹnu rẹ̀!"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Dúródọlá kò wò wọ́n. Ràfátù ló ń rò.

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí Ràfátù, ìyàwó Lámídì, wá jókòó sórí ẹní rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tó gbé gèlè bo ojú. Sàmíátù ti rí ọkọ, inú Lámídì ń dùn, wọ́n sì ti bẹ Dúródọlá pé kó wádìí ilé ọmọkùnrin náà. Ràfátù ní kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ wádìí. Ó ní bàbá tó bí ọmọkùnrin náà ló bí Sàmíátù. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò tún un sọ mọ́, ó sì di ẹsẹ̀ Dúródọlá mú títí ara ẹsẹ̀ náà fi kú.

Alárinà kì í sọ ìdí. Ohun méjì péré ló wà tó lè wí fún ilé tó rán an: ọ̀nà là, tàbí ọ̀nà kò là. Dúródọlá lọ sílé Lámídì, ó ní ọ̀nà kò là. Lámídì bú u, ó ní ó ń jowú ọmọ òun. Sàmíátù sunkún, ó sì fẹ́ ẹlòmíràn níkẹyìn, ó ti bí mẹ́ta. Nítorí àwọn mẹ́ta wọ̀nyí, tí àwọn náà yóò gbéyàwó tí wọn yóò lọ́kọ lọ́jọ́ kan, ni Dúródọlá ṣe kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Nígbà tó dé ilé, Morónfólú ti jókòó ti kọ̀ǹpútà ọ̀hún nínú yàrá, nínú aṣọ aláwọ̀ ewé tí gbogbo akíni Ọ́fíìsì ń wọ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Màámi."

Dúródọlá kọ́kọ́ wo ètè rẹ̀. Ó rí i pé ètè náà mì. Nígbà náà ló tó gbé omi mì.

"Ẹ̀n, ọmọ mi. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọn ò tíì dé láti ilé-ìwé." Morónfólú rí bí ìyá rẹ̀ ti wo ẹnu òun, ó sì gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Màámi, òní ló parí o. Ìpè mẹ́ta ni. Oòrùn ò gbọdọ̀ wọ̀ kí ẹ má tíì dáhùn."

"Bí oòrùn bá wọ̀ ńkọ́?"

"Wọn á kọ yín sínú ìwé Adití. Èmi tí mo jẹ́ ará ilé yín náà nìyẹn. Akíni kò gbọdọ̀ bá adití gbélé. Iṣẹ́ mi á lọ, ilé-ìwé àwọn ọmọ á lọ. Ẹ mọ̀ pé kò sí ilé-ìwé mìíràn tó ń gba ọmọ adití. Lẹ́yìn ikú bàbá wọn, kí ni mo tún ní?"

Dúródọlá jókòó sórí ẹní. Ó ń wo kọ̀ǹpútà náà lórí tábìlì, ẹ̀rọ aláwọ̀ eérú tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti là, tó fi okùn ọ̀rá dè. Ọdún tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ló rà á ní àlòkù, ọdún náà ló wọ ilé-ẹ̀kọ́ àgbà tó mọ A yàtọ̀ sí B. Ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ̀ ẹ́ títí di òní. Àṣírí ìdílé gbogbo tó ti kó sórí láti ogún ọdún kó tó mọ ìwé, ló fi ọdún mẹ́ta gbáko sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ̀mí àtijọ́ ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Kì í kí ènìyàn. Kì í béèrè ibi tí o ti ń bọ̀. Bí o bá tàn án, á dúró jẹ́ẹ́ títí o ó fi sọ ohun tí o fẹ́. Bí o bá pa á, ó kú.

"Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe tèmi," ló wí.

"Ẹ pa á rẹ́, nígbà náà."

"Kí àwọn ọmọ bàbá kan náà wá fẹ́ra wọn lọ́dún tó ń bọ̀? Mo ti gbàgbé ìdajì, Morónfólú. Ogójì ọdún ni."

"Ẹ kó o pamọ́, kí ẹ dáhùn."

"Kí n dáhùn, kí etí tí kì í sùn wá máa gbé yàrá yìí? Obìnrin mélòó ló ń wá sórí ẹní yìí lọ́sẹ̀? Èwo nínú wọn ni n óò fún lómi dà sẹ́nu kó tó sunkún?"

Morónfólú wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ń yí òrùka rẹ̀ po. "Ẹ̀yin náà ẹ máa ń sọ ọ́ di nǹkan ńlá. Gbogbo ayé ti gbà. Kí ló ti pa wọ́n?"

"Lọ bi Lámídì léèrè ìdí rẹ̀."

Morónfólú fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, níbi tó ti so àpótí kékeré Ọ́fíìsì mọ́ ọn. "Màámi, ẹ má bínú sí mi," ló wí, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Iná ewé kékeré kan tàn. Dúródọlá rí i, ó sáré gbé ike sẹ́nu, ó kún un. Òfin kò fi ibì kan pamọ́: ohùn yòówù tó bá jáde lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí iná náà bá ń tàn, ìdáhùn ni.

Ẹ̀rọ náà wúkọ́.

Ikọ́ kékeré kan ni, gbígbẹ, bí ikọ́ ẹni tó fẹ́ fọhùn lórí ibùsùn. Lẹ́yìn náà ló pè é.

"Àwẹ̀ró."

Orúnkún Dúródọlá lu ilẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ti kúrò lórí ẹní. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń pè é ní Àwẹ̀ró láyé yìí, tó sì máa ń wúkọ́ kó tó pè é. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti wà lábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìnkùlé. Omi mì lẹ́nu rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ ti gbéra láti dáhùn, bí ahọ́n ọmọdé, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ó fi eyín ha á mọ́.

Iná náà ń tàn. Ó ń retí.

"Àwẹ̀ró, ọmọ arẹ́rìn-ín-kó-tó-fọhùn. Ṣé o ò gbọ́ ni?"

Nígbà náà ni ìríra mú un. Ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn. Òun wà lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ náà, ó ń fọ aṣọ, inú ń bí i. Àwọn méjèèjì ti fa ọ̀rọ̀ láàárọ̀ lórí ohun tí kò tó nǹkan, ìkòkò tó jóná. Ìyá pè é láti inú yàrá. Ó gbọ́. Ó sì ń fún aṣọ lọ. "Ṣé o ò gbọ́ ni?" Ó ní jẹ́ kó pè títí. Nígbà tó sá aṣọ tán tó wọlé, ẹnu tó ń pè é ti dákẹ́, kò sì ní pè é mọ́ láéláé.

Ènìyàn kan ṣoṣo ló sọ ìtàn yẹn fún. Ẹni náà ló kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yìí nínú aṣọ aláwọ̀ ewé.

Ó wá ṣọ́ọ̀kì tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré lábẹ́ tábìlì. Ó fi kọ ọ́ sórí símẹ́ńtì, gàdàgbà gàdàgbà, bó ti máa ń kọ̀wé:

TA LÓ FÚN WỌN NÍ OHÙN ÌYÁ MI

Morónfólú kà á. "Èmi ni," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Inú kọ̀ǹpútà yìí ni mo ti mú un, níbi tí ẹ ti gba ohùn wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ka ìdílé fún yín. Ohùn nìkan ni, Màámi. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, mo fi Ọlọ́run búra."

Dúródọlá tún kọ:

ÌKÒKÒ TÓ JÓNÁ ŃKỌ́. TA LÓ SỌ FÚN WỌN

Morónfólú wo ọ̀rọ̀ náà pẹ́. "Ìwé kan wà tí gbogbo akíni gbọ́dọ̀ kún nítorí ará ilé wọn. Wọ́n ní ká kọ ohun tí ẹni náà kò lè gbọ́ kó má dáhùn." Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀. "Gbogbo wa la kún un. Ọmọ Bàbá Lámídì, tó jẹ́ akíni bíi tèmi, náà kún tiẹ̀."

Sàmíátù. Òun ló ta ohùn bàbá bàbá rẹ̀. Dúródọlá rántí ọkùnrin arúgbó náà tó dọ̀bálẹ̀ sórí ìṣó.

"Mo rò pé á mú ara tù yín ni," Morónfólú ń wí láàrin ẹkún. "Ọdún mẹ́sàn-án lẹ ti ń sọ ọ́ pé ẹ ò dá wọn lóhùn. Mo ní ẹ jẹ́ kí wọ́n tún pè yín, kí ẹ dáhùn, kó tán nínú yín. Ẹ kàn wí pé 'ẹ̀n', Màámi. Ẹ̀n péré. Ta ló máa pa lára?"

Dúródọlá gbé ojú sókè wo ẹ̀rọ náà. Iná ewé rẹ̀ ń tàn, ó ń pa, ó ń tàn, bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Ó ní ohùn ìyá rẹ̀, ó ní ikọ́ rẹ̀, ó mọ ibi tí ọgbẹ́ wà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìyá rẹ̀ máa ń sọ fún un nígbà tó wà lọ́mọdé, tí wọ́n bá jọ ń lọ sóko lówùúrọ̀ kùtù tí ìkùukùu bo ọ̀nà, tí kò sí nínú ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀, tí kò sì tíì sọ fún ọmọ kankan: bí o bá gbọ́ tí wọ́n pè ọ́, tí o ò rí ẹni tó pè ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ohùn mi ni, má jẹ́ ẹ. Èmi tí mo bí ọ, iwájú rẹ ni n óò ti pè ọ́.

Ó mú ọ̀bẹ lórí àwo, ó gé okùn ọ̀rá. Ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà là. Ó ti tú u rí nígbà tí aáyán wọ inú rẹ̀, ó mọ ibi tí ìrántí wà: irin pẹlẹbẹ kan tó gbé gbogbo ohun tó ti kọ, tí kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Ó fà á yọ. Gíláàsì ẹ̀rọ náà ṣú. Àpótí kékeré Ọ́fíìsì nìkan ló kù tó ń tanná, tó ń retí ìpè kẹta. Ó di irin náà mọ́ etí ìró rẹ̀, ó di í ní kókó méjì.

"Kí lẹ ń ṣe? Màámi, oòrùn ti ń lọ!"

Ṣọ́ọ̀kì náà ti kúrú. Dúródọlá kọ ọ̀rọ̀ kékeré, ó sì fi ìka tẹ abẹ́ rẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ lè kà á dáadáa:

KỌ PÉ MO TI KÚRÒ NÍLÉ KÍ WỌ́N TÓ PE ÌPÈ KẸTA. ẸNI TÓ KÚRÒ KÌ Í ṢE ARÁ ILÉ

Morónfólú kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó yé e lẹ́ẹ̀kejì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Lóòótọ́, bí òfin ṣe wí nìyẹn. Ilé tí kò sí adití mọ́ nínú rẹ̀, ilé mímọ́ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ á dúró, àwọn ọmọ á lọ sílé-ìwé lọ́la.

"Níbo lẹ ń lọ?"

Dúródọlá ju ṣọ́ọ̀kì náà sílẹ̀. Ohun tí ọmọ yìí kò bá mọ̀, kò ní lè kún un sínú ìwé kankan. Kò sì sí ìbínú nínú ìyẹn mọ́. Ìríra ló wà nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe sí ọmọ náà, bí kò ṣe sí ohun tó lè mú ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó, kó mú bírò, kó kọ ibi tó ti ń dun ìyá rẹ̀ sílẹ̀ fún àjèjì.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà mú. Ó wo ètè rẹ̀ pẹ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ ọ́n sórí. Lẹ́yìn náà ó kó aṣọ ìbora kan, ó fi omi kún ike ọrùn rẹ̀ nínú àmù, ó wọ bàtà tí Lámídì rọ àtẹ́lẹsẹ̀ sí, ó sì bọ́ sóde.

Oòrùn ti pọ́n lẹ́yìn òkè. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń bọ̀ lókèèrè nínú ẹ̀wù funfun, kò sì dúró wò bóyá àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó gba ọ̀nà odò tó lọ sí Abà Ìdákẹ́. Ó gbọ́ òòlù Lámídì, kọ̀, kọ̀, kọ̀, bàbá ọlọ́mọ tó ń kan bàtà lọ nínú ìsọ̀ rẹ̀, tí kò mọ̀ pé wọ́n ń gbé àṣírí ọmọ rẹ̀ kọjá nínú kókó ìró.

Ó kọjá òpó àkọ́kọ́. Ó kọjá èkejì.

"Màámi!"

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ohùn náà ti wá. Ohùn tó ń kúnlẹ̀ yẹn ni.

"Màámi, ẹ dúró! Ẹ dákun!"

Ó lè jẹ́ pé Morónfólú ló sáré jáde sẹ́nu ọ̀nà, láìwọ bàtà, tó ti yí ọkàn padà. Ó sì lè jẹ́ òpó ni, nítorí pé oòrùn ti ń wọ̀, ìpè kẹta sì ti tó. Ohùn kan náà ni. Ètè nìkan ló lè fi wọ́n hàn yàtọ̀, ètè sì ń bẹ lẹ́yìn. Bó bá yíjú padà tó rí ètè ọmọ rẹ̀ tó ń mì, ó mọ ara rẹ̀, kò ní lè ṣe kó má dáhùn. Òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì gbọ́.

"Màámi! Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Ó gbọ́. Omi náà ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ti ní adùn iyọ̀. Dúródọlá fi ọwọ́ kan kókó tó wà létí ìró, ó mú un ṣinṣin, ó gba ọ̀nà odò lọ lórí àtẹ́lẹsẹ̀ tuntun rẹ̀, kò sì bojú wẹ̀yìn.